Ìjàpá Kan, Àkókò Méjì

Ẹni tó bá sọ fún mi pé ọkọ̀ ló ń sáré, pé ẹni tó jókòó sídìí sítíárí kàn ń bá a lọ ni, onítọ̀hún ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mi ò ní jẹ́ kó mu omi iwájú rẹ̀ tán kí n tó bi í pé ọkọ̀ wo, ta ló wà á, ojú ọ̀nà wo. Àwọn ọmọ mi mọ̀ mí. Tí ọ̀rọ̀ mọ́tò bá ti délẹ̀ nílé wa, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tọ́ ara wọn lábẹ́ tábìlì pé Màmá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó fi òwú dí etí.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ajah. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, wọ́n sì ń la ọ̀nà ńlá láti Èkó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí apá Ẹ̀pẹ́. Kí ọ̀nà yẹn tó dé, yanrìn ni gbogbo ibẹ̀. Òkun wà lọ́wọ́ kan, ọ̀sà wà lọ́wọ́ kejì, igi àgbọn ló wà láàárín. Ẹni tó bá ń lọ Èkó, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀, tàbí kó dúró de ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ mélòó kan tó ń wọ́ nínú yanrìn dé ibi tí ọ̀dà Èkó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ló ń wa ọ̀kan nínú wọn. Àgbọn àti ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń fi kó, èèyàn á sì jókòó sórí ẹrù. Ó lé lógún ọdún tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yẹn, kí ojú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Èmi ni àkọ́bí, èmi ni wọ́n sì kọ́. Àwọn ará àdúgbò bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ọmọbìnrin ṣe nídìí mọ́tò. Bàbá mi ní àwọn fẹ́ kó máa wà á ni.

Yanrìn kì í gba ìkánjú. Bí o bá tẹ bíréèkì lójijì, iwájú ọkọ̀ á rì. Bí o bá tẹná jù, táyà ẹ̀yìn á gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀, ẹ ó sì jọ sun ibẹ̀. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí wọ́n bá ń kọ́ mi. Wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á dijú, wọ́n á máa fetí sí ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá ṣe ohun tí kò yẹ, wọ́n á ní, "Ó ké." Bí mo bá ṣe dáadáa, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí a lọ tí a bọ̀ láìgbọ́ "ó ké" kankan, mo lọ sẹ́yìn ilé lọ jó. Wọ́n kọ́ mi pé ojú awakọ̀ kì í wà níwájú táyà, ibi tó ń lọ ni ojú ẹ̀ yẹ kó wà. Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí o tó wọ yanrìn, o ó sọ̀kalẹ̀, o ó jo afẹ́fẹ́ táyà dànù díẹ̀ kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí awakọ̀ ọ̀dọ̀ wa tí kì í ṣe é. À ń ṣe é bí ẹni ń ṣe bísímílà kó tó jẹun, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo tó ẹni tó lè dá ọkọ̀ ní, ìjàpá ni mo rà, aláwọ̀ ewé, èyí tí ẹnì kan ti lò kó tó kàn mí. Gbogbo yín mọ ọkọ̀ ìjàpá, ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níbi tí àwọn ọkọ̀ yòókù ń kó ẹrù sí. Kò yá, àmọ́ kò sọ̀lẹ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀nà ńlá tí mo wí yẹn, orí ọgbà àgbọn bàbá mi ló gbà kọjá. Igi tí bàbá tó bí wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, kátakàta wó o láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní ìdàgbàsókè ni. Bàbá mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ojú wọn ò ríran tó mọ́, wọ́n ń fi etí ka igi bó ṣe ń wó. Nígbà tó pé ogójì, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sílé. Inú bí mi ní ọjọ́ yẹn débi pé mi ò lè jẹun. Mo wá ń sọ fún ara mi pé bó bá jẹ́ pé ọ̀nà ni wọ́n fi gbà á, ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kó jẹ̀gbádùn ọ̀nà náà ni èmi.

Apá kan títì náà ti gba ọ̀dà tán kí wọ́n tó ṣí i fún ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi afárá kékeré kan lẹ́yìn Ajah, ó sì dorí kọ Awoyaya. Ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà bá ti lọ ìsinmi, àwọn ọkùnrin kan á wá láti Èkó. Ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wá kì í ṣe ọkọ̀ ìdíje. Ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé ni, tó ní nọ́ńbà, tó ní lísẹ́ńsì, tí bàtà ọmọ ṣì wà lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n á gbé àgbá òfìfo kan sí ọ̀nà jíjìn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gbéra láti ibi afárá, á lọ yí àgbá náà po, á gba ọwọ́ kejì títì padà wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sá a, wọ́n á sì ka àkókò. Kọ́nà mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà náà. Èyí tó le jù ni èyí tó kẹ́yìn bí èèyàn bá ń padà bọ̀, tí èèyàn lè rí láti orí afárá. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbà àgbọn wa wà tẹ́lẹ̀.

Bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí Ajah ló ń bá wọn ka àkókò. Wọ́n ní aago kan tó ń ka sẹ́kọ́ndì, tó ṣeé dá dúró, èyí tí ẹnì kan gbé wá fún àtúnṣe tí kò padà wá gbà mọ́. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ni àgbàlagbà bíi tiwọn ń wá láàárín àwọn asárékú. Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ ayé àwọn ni àwọn fi ń tún sẹ́kọ́ndì ṣe fún àwọn tó jẹ́ pé wákàtí nìkan ni wọ́n ń wò. Níbí yìí ni àwọn ti kọ́kọ́ rí ẹni tó nílò sẹ́kọ́ndì.

Ara ògiri afárá ni wọ́n ń kọ àkókò sí, pẹ̀lú ọ̀dà funfun tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń la ìlà sójú títì. Wọn kì í kọ ẹni tó wa ọkọ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé kí ọlọ́pàá má baà dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan kó ka ẹni tó ń fi ọ̀nà ìjọba ṣeré. Nítorí náà, àwọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ: Pupa, Búlúù, Funfun, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Pupa ló wà lókè, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti sẹ́kọ́ndì mẹ́jọ. Yẹ́lò ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti sẹ́kọ́ndì méjìléláàádọ́ta.

Ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ńlá kan ní Èkó ló ni Pupa. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ni, táyà rẹ̀ fẹ̀, ìlú òyìnbó ló ti rà á wá. Ẹ ó rí i pé mo ń pe ọkùnrin yìí ní "ó." Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, àmọ́ mi ò ní "wọ́n" kankan tí mo fẹ́ ná fún un lónìí.

Odidi oṣù kan ni mo fi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wò wọ́n. Mo rí i pé wọ́n ń bá ọkọ̀ wọn jà ni. Bí wọ́n bá dé kọ́nà, wọ́n á kó sórí bíréèkì, táyà á han, wọ́n á yí sítíárí bí ẹni ń lọ ata, wọ́n á wá tún tẹná wòò. Lẹ́yìn náà wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo ní, ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní eré rèé?

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wa ìjàpá mi wá, mo sì tò sẹ́yìn wọn.

Ẹ̀rín ni wọ́n fi gbà mí. Ọ̀gá ọlọ́kọ̀ pupa fara ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ní, "Àǹtí Tíṣà, wọ́n bi Ìjàpá pé ìgbà wo ló máa dé láti àjò. Ẹ mọ ohun tó fọ̀?" Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní ká jọ máa wò ó. Bàbá atúnaagoṣe nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n wọlé kí n múra.

Kí n tó wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ nídìí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, mo jo afẹ́fẹ́ wọn dànù díẹ̀díẹ̀. Mi ò rò ó. Ọwọ́ mi ló ṣe é, ọwọ́ tí bàbá mi kọ́. Àwọn ọkùnrin yẹn rí mi, wọ́n sì dákẹ́. Lónìí yìí mi ò tíì dárí ìdákẹ́ yẹn jì wọ́n.

Ẹ̀yin tó mọ títì ọlọ́dà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ náà kàn ń fì sọ́tùn-ún sósì ni. Mo yí sítíárí, ó ń ronú kó tó dá mi lóhùn. Mo ṣáà ń lọ. Mo yí àgbá po, mo ń padà bọ̀, mo dé kọ́nà ìkẹyìn, ni táyà iwájú bá bọ́ kúrò lára ríìmù rẹ̀. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà, ìjàpá yí po lẹ́ẹ̀kan ó sì dúró, ó kọjú sí ibi tí mo ti ń bọ̀. Orí ilẹ̀ bàbá mi ni mo jókòó sí, mo di sítíárí mú, gbogbo wọn sì ń wò mí láti orí afárá.

Ojú tì mí. Mi ò ní purọ́, ojú tì mí gan-an. Nígbà tí mo fẹsẹ̀ rìn dé ibi afárá, Ọ̀gá ti ń dúró dè mí. Ó ní, "Ẹ lọ máa kọ́ àwọn ọmọ yín ní A, B, D. Ọ̀nà yìí kì í ṣe yanrìn yín."

Mo ní, "Ọ̀gá, orí yanrìn wa ni wọ́n gbé ọ̀nà yìí lé."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó wá kọjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n má sọ pé òun ò láàánú. Ó ní kí n padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Bí ìjàpá bá lè sá ju Yẹ́lò tó wà nísàlẹ̀ lọ, wọ́n á kọ ọ́ sára ògiri. Bí kò bá lè sá a, mi ò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ wá sójú ọ̀nà yìí mọ́ ní Sátidé kankan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ti dáa bẹ́ẹ̀. Mo ní mo gbà. Kí ni n bá ṣe? Ká lé mi kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n bí mi sí, kí n tún sọ pé ẹ ṣeun?

Nílé, bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, "Ṣé o jo afẹ́fẹ́ táyà dànù?"

"Mo jò ó, Bàbá."

"O ṣeun. Bó ṣe yẹ nìyẹn."

"Bàbá, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí táyà bọ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jìn, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orúnkún. Wọ́n ní, "Ó ju ogún ọdún lọ tí mo fi wakọ̀, mi ò tíì tẹ ọ̀dà rí. Èmi ni mo kó ẹ sí i." Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe ẹjọ́ wọn. Wọ́n ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, kí n mú àwọn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta la fi rin kọ́nà yẹn lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí. Bàbá mi bọ́ bàtà, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ọ̀nà kiri lórí ọ̀dà. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé yanrìn wá sójú títì, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tó ń kó o sí. Ọjọ́ kìíní, yanrìn wà ní apá inú kọ́nà. Ọjọ́ kejì, ibẹ̀ náà ni. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Apá òde mọ́ tónítóní.

Wọ́n bi mí pé, "Ibo ni àwọn ará Èkó yẹn ń gbà?"

"Apá inú ni, Bàbá. Ibẹ̀ ló yá jù."

"Ibẹ̀ ló kúrú jù," ni wọ́n wí. "Wọ́n ń wọ yanrìn, ọkọ̀ ń yọ̀, wọ́n ń tẹ bíréèkì. Ìwọ gba òde. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ o ò ní nílò bíréèkì. Gbé ẹsẹ̀ kúrò kí o tó dé ibẹ̀, máa wo iwájú, jẹ́ kó máa yí lọ fúnra rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ké." Wọ́n fi kún un pé kí n lọ fẹ́ táyà kó le dáadáa, nítorí àwọn ò mọ ohunkóhun nípa ọ̀dà, kí n bi ẹni tó mọ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà ní Ajah. Ó fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin débi tí mo fi ọwọ́ lù wọ́n tí wọ́n dún.

Sátidé pé, mo gbé bàbá mi lọ. Mo gbé àga fún wọn sẹ́bàá afárá, nítòsí bàbá atúnaagoṣe, àwọn méjèèjì sì kí ara wọn bí àgbà ṣe ń kí àgbà. Ọ̀gá sọ pé mo mú ẹlẹ́rìí wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo wọlé, mo jókòó. Bí wọ́n bá fi lè lé mi lọ lónìí, ní gbogbo Sátidé, màá máa gbọ́ eré wọn láti inú yàrá, bí ẹni tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Bàbá atúnaagoṣe gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, mo sì gbéra.

Ìjàpá kì í sáré kíákíá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bó bá ti wá gba eré, o ò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́nà kìíní, mo gbé ẹsẹ̀ díẹ̀. Kọ́nà kejì àti ìkẹta, mi ò gbé e rárá. Mo yí àgbá po ní jíà kejì, mo súnmọ́ ọn tó fi jẹ́ pé n bá na ọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo ń padà bọ̀ tí mo rí kọ́nà ìkẹyìn, gbogbo ara mi ń sọ pé kí n gba inú. Mo gba òde. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, mo wo orí afárá, mo rí àga bàbá mi. Táyà ò han. Ọkọ̀ náà yí kọjá lórí gbòǹgbò àgbọn wa tó wà lábẹ́ ọ̀dà, mo sì tún tẹná.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti sẹ́kọ́ndì mọ́kànlélógójì. Bàbá atúnaagoṣe kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe Yẹ́lò nìkan ni mo sá jù, mo sá ju ọkọ̀ mẹ́ta lọ. Mo wo bàbá mi. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin náà ti mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ọ̀gá ní wọ́n ti ṣe nǹkan sí ẹ́ńjìnnì mi. Mo ṣí i sílẹ̀ fún wọn, wọ́n dúró yí i ká, wọ́n wò ó títí, ẹ́ńjìnnì ìjàpá náà ni wọ́n rí, tó kún fún eruku. Ó ní a jẹ́ pé ọkọ̀ náà fúyẹ́. Ó ní, "Ọkọ̀ ló ń sáré, ẹ má tan ara yín. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sínú ìjàpá yìí ló máa sá a bẹ́ẹ̀."

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò, mo nà án sí i. Mo ní, "Ẹ jókòó síbẹ̀, Ọ̀gá."

Kò fẹ́ gbà á. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó, kò sì sí bó ṣe fẹ́ yí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà. Ó wọlé, ó ti ìjókòó sẹ́yìn, ó gbéra. Ó tẹná ju bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ, a ń gbọ́ ọ. Ó lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé kọ́nà ìkẹyìn, ó gba inú bí ìṣe rẹ̀, yanrìn sì ń dúró dè é níbẹ̀. Bàbá mi dijú lórí àga wọn.

"Ó ké," ni wọ́n wí. Kò pẹ́, wọ́n tún ní, "Ó ké lẹ́ẹ̀kejì."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti sẹ́kọ́ndì méjìdínlọ́gọ́ta.

Bàbá atúnaagoṣe ṣí agolo ọ̀dà, wọ́n ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, wọ́n lọ dúró níwájú ògiri. Wọ́n ní, "Àṣà wa ni pé ọkọ̀ là ń kọ. Ó dáa. Ìjàpá yìí sá a ní mọ́kànlélógójì, ó tún sá a ní méjìdínlọ́gọ́ta. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, táyà kan náà, àárọ̀ kan náà. Èwo ni kí n kọ?"

Ọ̀gá ní kí wọ́n kọ èyí tó bá wù wọ́n.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tó wù mí," ni bàbá náà dáhùn. "Sẹ́kọ́ndì mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín méjèèjì. Bí kì í bá ṣe ọkọ̀ ló ni ín, ẹnì kan ló ni ín." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, sáàárín Búlúù àti Funfun: TÍṢÀ, mẹ́ta, mọ́kànlélógójì. Wọ́n tún lọ sísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ Yẹ́lò: Ọ̀GÁ, NÍNÚ ÌJÀPÁ, mẹ́ta, méjìdínlọ́gọ́ta. Ọkùnrin tó ni Yẹ́lò ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Mo bi Ọ̀gá pé òfin tó fi lélẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́, pé ẹni tí kò bá lè sá ju Yẹ́lò lọ kò gbọdọ̀ wá mọ́. Ó yíjú sí ọkọ̀ rẹ̀. Mo wá na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pupa, mo ní ó kàn mí, èmi náà fẹ́ mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Ó kó kọ́kọ́rọ́ náà sápò. Ó ní táyà òun wọ́n. Títí dòní mi ò wa ọkọ̀ yẹn, ó sì ń dùn mí, nítorí mo mọ àkókò tí n bá fi sá a.

Ìpè ìrun àìlà ń dún láti apá Ajah, bàbá atúnaagoṣe sì palẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn yòókù ń lọ, bàbá mi ní kí n mú àwọn lọ síbi ògiri. Mo gbé ọwọ́ wọn lé ibi tí wọ́n kọ Tíṣà sí. Ọ̀dà náà ò tíì gbẹ. Wọ́n fi ìka tọ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì bi mí pé ibo gan-an ni ògiri yìí wà sí igi àgbọn àwọn. Mo ní kò jìnnà, ẹsẹ̀ díẹ̀ ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ti dé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo gbé ìjàpá síbi tí Pupa máa ń dúró sí. Pupa ò wá. Bàbá mi jókòó sórí àga wọn, ọ̀dà funfun ṣì wà ní ìka wọn. Ìyá mi ti bẹ̀ wọ́n jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi kẹrosíìnì nù ún kúrò, wọ́n ní àwọn ò nù ún.